Ọ̀rọ̀ Mẹ́rin Tí Kò Lámì

Kò tíì pé agogo mẹ́jọ àárọ̀ nígbà tí áńbúláǹsì kejì bẹ̀rẹ̀ sí í tú èéfín dúdú nínú ọgbà ilé ìwòsàn. Kò tíì rìn ju ogún ìṣísẹ̀ lọ. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dún gbì lẹ́ẹ̀mẹta, bí ẹni ń fi òòlù lu irin láti inú, ó gbọ̀n, ó sì kú. Òórùn bẹntiróòlù gba gbogbo ọgbà débi pé àwọn nọ́ọ̀sì ń sáré ti fèrèsé. Awakọ̀ bẹ́ sílẹ̀, kò wẹ̀yìn títí ó fi dé ẹnu géètì, ibẹ̀ ló ti rántí pé òun ò pa kọ́kọ́rọ́. Kò sẹ́ni tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ọjọ́ mẹ́fà péré ló kọjá tí ọkọ̀ àkọ́kọ́ gbiná mọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lára lójú títì. Wọ́n ti sin ín.

Ọkọ̀ mẹ́ta ni ilé ìwòsàn náà ní. Ìkẹta ò sí nílé.

Obìnrin tí wọ́n ń pè ní Kílófàá ni wọ́n ránṣẹ́ sí. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni ní àgọ́ ọlọ́pàá tó wà lódìkejì títì. Orúkọ náà lẹ̀ mọ́ ọn nítorí pé kì í béèrè ẹni tó ṣe nǹkan kó tó béèrè ohun tó fà á. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń dápàárá pé bí wọ́n bá gbé òkú tí kò lórí wá síwájú rẹ̀, yóò ní kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ wo bàtà rẹ̀. Rewáyà, ẹni tí ń tún iná ọkọ̀ ṣe, ni bàbá rẹ̀ títí tó fi kú. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Kílófàá nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í di tọ́ọ̀ṣì mú fún un lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, bí ìmọ́lẹ̀ náà bá sì mì pẹ́nrẹ́n, ìfọ́tí ló ń tẹ̀lé e. Mítà bàbá náà, tí wọ́n fi ń wọn iná, ṣì wà nínú báàgì rẹ̀ títí di òní.

Lójú gbogbo èèyàn, ọkọ̀ kejì ló ń wò. Ìkẹta lọkàn rẹ̀ wà. Agogo mẹ́fà ni ìkẹta ti gbéra lọ sí abúlé kan lẹ́yìn òkè, láti lọ gbé aboyún tó ti ń rọbí láti àná, tí ọmọ dábùú sí nínú. Nọ́ọ̀sì tó bá ọkọ̀ náà lọ, àbúrò Kílófàá ni, ọmọ ìyá rẹ̀. Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti orí afárá lágogo méje, ó ní àwọn ti fẹ́ wọ ibi tí fóònù kì í ti í ṣiṣẹ́, ó sì rán an létí pé kó jẹun. Láti ìgbà náà, obìnrin inú ẹ̀rọ nìkan ló ń dáhùn.

Ọ̀gá àgọ́ ò rí ìdí ìbẹ̀rù kankan. Ó jókòó sẹ́yìn tábìlì rẹ̀, ó sì to ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ bí ẹni ń kọ́ ọmọdé. Láti ọdún tó kọjá ni ọpọlọ ọkọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìyẹn àpótí pẹlẹbẹ tó ń pàṣẹ fún ẹ́ńjìnnì, ti ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojúlówó rẹ̀ ò sí lọ́jà mọ́, ilé ìwòsàn wá ra oríṣi mìíràn, tí kì í ṣe iléeṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà ló ṣe é. Rewáyà kan tó máa ń bá wọn ṣiṣẹ́ ló so ó mọ́ ọkọ̀. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ àkọ́kọ́ jóná, wọ́n rí àtẹ̀jíṣẹ́ kan nínú fóònù tí awakọ̀ tó kú gbàgbé sílé, rewáyà yìí ló fi ránṣẹ́ sí i. Kò gùn. Bí wọ́n ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù náà ló ṣe tẹ̀ ẹ́, láìsí àmì lókè, láìsí àmì nísàlẹ̀:

Mo ti fo won. E ma so fun oga.

Bí ọ̀gá àgọ́ ṣe kà á ni pé, mo ti fọ́ wọn. Ó ní nọ́súlù, àwọn ẹnu kéékèèké tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì, ni rewáyà náà fọ́, òun àti awakọ̀ ló jọ gbìmọ̀ rẹ̀ kí wọ́n lè rí iṣẹ́ àtúnṣe ṣe títí, iná sì jó ẹni tó dá a. Rewáyà ti wà ní àhámọ́ láti ọjọ́ márùn-ún, ó sì ń sọ pé irọ́ ni, pé mo ti fọ̀ wọ́n lòun kọ, pé ńṣe lòun fọ nọ́súlù, kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ìmọ́tótó.

Ọ̀gá ṣí ìwé iṣẹ́ ilé ìwòsàn síwájú Kílófàá. Rewáyà fọwọ́ sí iṣẹ́ ọkọ̀ àkọ́kọ́ àti èkejì. Níwájú ìkẹta, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé òṣìṣẹ́ ẹni tó ta àpótí ló so ó.

"Kò fọwọ́ kan ìkẹta," ọ̀gá ní. "Ọkùnrin ò lè ba ohun tí kò fọwọ́ kàn jẹ́. Àbúrò rẹ á padà wá láyọ̀."

"Ẹ jẹ́ kí n gbé ọkọ̀ wa, kí n lọ dá wọn dúró lọ́nà, sà."

"Dókítà ní gbogbo ìdajì wákàtí tí obìnrin yẹn bá lò lójú ọ̀nà, ẹ̀mí rẹ̀ ló ń lò. Bí o bá dá a dúró lásán, tó sì kú síbẹ̀, orí ta la máa gbé e lé?"

Òótọ́ ni. Bí ọkọ̀ náà bá dára, dídúró ló máa pa obìnrin náà. Bí kò bá dára, àìdúró ló máa pa àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta inú rẹ̀, àti ọmọ inú. Kò sí ibì kan láàárín méjèèjì tí èèyàn lè dúró sí. Kílófàá tọrọ wákàtí kan. Ọ̀gá wo agogo ara ògiri, mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ó ní kó máa lọ.

Mẹkáníìkì ilé ìwòsàn, àgbàlagbà kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Sípánà, ò fẹ́ sún mọ́ ọkọ̀ kejì. Kílófàá ló na ọwọ́ gba ojú fèrèsé, ó pa kọ́kọ́rọ́, ó sì tú orí bátìrì. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Bàbá Sípánà rí i, ó ní bí ọlọ́pàá bá ń gbọ̀n, kí ni kí òun tí òun ò níbọn máa ṣe. Síbẹ̀ ó sún mọ́ ọn.

Wọ́n yọ nọ́súlù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n sì tò wọ́n sórí aṣọ funfun kan. Bàbá Sípánà fi iná bátìrì kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbé etí sún mọ́ wọn. Tó. Tó. Tó. Tó. Gbogbo wọn ń ṣí, gbogbo wọn ń padé. Ó ní ẹni tó bá sọ pé ẹnì kan fọ́ àwọn yìí, kó wá fi ibi tó ti fọ́ han òun.

Kílófàá fa asẹ́ kékeré tó wà lọ́rùn ọ̀kan yọ pẹ̀lú abẹ́rẹ́. Ìdọ̀tí pupa ló kún un, ó ti le bí èèpá. Ó fa ti èkejì yọ, bákan náà. Ìdọ̀tí ọdún mẹ́ta ni, kì í ṣe ti oṣù mélòó kan. Kò sẹ́ni tó fọ̀ wọ́n rí.

Wọn ò fọ́, wọn ò sì mọ́. Ọ̀gá rẹ̀ ṣi ọ̀rọ̀ náà kà, rewáyà sì purọ́. Ọkùnrin tó wà ní àhámọ́ lórí ẹ̀sùn ìpànìyàn, tó purọ́ lórí nọ́súlù lásán, ohun tó ń bò mọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ wúwo ju nọ́súlù lọ.

Ó ṣí àpótí pẹlẹbẹ tó jẹ́ ọpọlọ ọkọ̀ náà. Kó tó gbé e sójú ni òórùn rẹ̀ ti bọ́ sí i nímú, òórùn ike tó jó. Nínú rẹ̀, tìránsítọ̀ dúdú mẹ́rin tò lẹ́sẹẹsẹ, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ aṣọ́nà fún nọ́súlù kan: òun ló ń ṣílẹ̀kùn fún epo, òun ló ń tì í. Ìkẹta nínú wọn ti la bí ẹ̀pà. Ó fi ẹnu mítà kan ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, mítà sì ké, kò dákẹ́.

"Ó ti kú," Bàbá Sípánà ní.

"Ó kú sórí ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀, bàbá."

Ó ṣàlàyé fún un, àmọ́ ara rẹ̀ gan-an ló ń ṣàlàyé fún. Bí aṣọ́nà bá kú lẹ́yìn tó ti ilẹ̀kùn, ọkọ̀ á kàn máa rìn bí arọ. Bí ó bá kú tí ilẹ̀kùn sì wà ní ṣíṣí, epo ò ní dẹ́kun. Níwọ̀n ìgbà tí kọ́kọ́rọ́ bá wà ní títàn, á máa ya wọlé, á kún inú ẹ́ńjìnnì, á yọ́ lọ bá ọ́ìlì, á ṣàn dé inú sàlẹ́ńsà, páìpù èéfín tó gbóná bí ẹyin iná. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn. Èyí tó wà níwájú wọn yìí, nítorí pé ara rẹ̀ ṣì tutù ni kò fi jó.

Kí ló wá fà á tí aṣọ́nà fi kú? Ó wọn nọ́súlù. Ómù méjì, ìyẹn ìwọ̀n bó ṣe ń dí iná lọ́nà. Ó yí àpótí padà, ó ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀: nọ́súlù tí kò bá tó ómù méjìlá, ẹ má so ó mọ́ ọn ní tààràtà. Nọ́súlù olómù méjì, alájẹkì iná ni. Iná tó ń fà tó ìlọ́po mẹ́fà ohun tí aṣọ́nà kékeré yẹn lè rù. Bàbá Sípánà ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti ra ọkọ̀ ni nọ́súlù yẹn ti wà níbẹ̀, ọpọlọ àtijọ́ ò sì jó. Kílófàá ní ó yẹ kí adínnákù kan wà láàárín wọn nígbà náà, ohun tí àwọn rewáyà ń pè ní rẹsítọ̀, irin onípẹ́pẹ́ kan tó máa ń gba ẹrù náà sára kó tó dé ọ̀dọ̀ aṣọ́nà.

Ó tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn bátìrì. Níbẹ̀, lára irin, ó rí ojú kan tó tó àtẹ́lẹwọ́, ọ̀dà rẹ̀ ń dán, eruku ò bà á, ihò ìdè méjì sì wà lára rẹ̀. Irin onípẹ́pẹ́ ò sí níbẹ̀. Wáyà tó yẹ kó wọnú rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹnì kan ti so wọ́n pọ̀, ó sì wé téèpù dúdú mọ́ ọn dáadáa, ìwéra ẹni tó fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀.

"Ẹni yìí yọ ọ́ dànù," ó ní jẹ́jẹ́. "Ó so wáyà pọ̀ kí iná lè máa fo ibẹ̀ kọjá."

Ó tún ọ̀rọ̀ náà pè lábẹ́ ahọ́n. Ó mú bírò, ó kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ọ̀kan lábẹ́ èkejì, pẹ̀lú àmì tí rewáyà ò fi sí i:

Mo ti fọ́ wọn.
Mo ti fọ̀ wọ́n.
Mo ti fò wọ́n.

Ọlọ́pàá ka ti òkè, rewáyà fara pamọ́ sí ti àárín. Ti ìsàlẹ̀ ni òótọ́. Kò fọ́ nǹkan kan, kò fọ nǹkan kan, àwọn adínnákù ló fò.

Àmọ́ wọn mélòó? Ti ọkọ̀ méjì ni àbí ti mẹ́ta? Ọ̀rọ̀ náà ò sọ. Bàbá Sípánà pàápàá ò mọ ẹni tó ṣe ìkẹta, ibà ti dá a sílé lọ́sẹ̀ yẹn. Kílófàá pe ẹni tó ta àpótí. Ọkùnrin náà bínú. Ó ní ìwé wà nínú páálí, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó bá yọ rẹsítọ̀ kó má padà wá bá òun. Ó sì ní òun ò ní òṣìṣẹ́ kankan, òun àti káńtà òun nìkan ni. Ìyẹn lè jẹ́ òótọ́. Ó sì lè jẹ́ irọ́, torí ta ni yóò gbà pé òun fọwọ́ kan ọkọ̀ tó ń jó èèyàn? Nínú rewáyà àti ọlọ́jà, ẹnì kan ń purọ́ lórí ìkẹta, agogo mẹ́wàá sì ti fẹ́ lù. Wọ́n á ti máa gbé obìnrin yẹn wọkọ̀ báyìí.

Kí Kílófàá tó wọ yàrá ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ó bá awakọ̀ àgọ́ sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ló wọlé, ó jókòó, kò mú ìwé, kò mú bírò.

Rewáyà náà á tó ẹni ogójì ọdún. Ó kí i dáadáa, ó gbé ọwọ́ méjèèjì tí wọ́n dè sórí tábìlì bí ẹni ń dúró de oúnjẹ.

"Kí lo kọ ránṣẹ́ sí awakọ̀ yẹn?"

"Pé mo ti fọ̀ wọ́n, mà. Àwọn nọ́súlù."

"Kí lo fi fọ̀ wọ́n?"

"Bẹntiróòlù àti búrọ́ọ̀ṣì, mà."

"Wọ́n mọ́?"

"Wọ́n mọ́ tónítóní."

Kílófàá mi orí bí ẹni tó gbà. Ó ní kò burú, ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ òun, olú iléeṣẹ́ ní kí wọ́n gbé e wá lónìí. Ó ní ọkọ̀ àgọ́ ò lépo, ilé ìwòsàn ló yá wọn ní áńbúláǹsì. "Ìkẹta ni," ó ní. "Ìyẹn tí o ò fọwọ́ kàn."

Lábẹ́ fèrèsé, ẹ́ńjìnnì kan dún, ó sì ń rọ́ lọ.

Rewáyà ò mira. Kílófàá ti rí ìbẹ̀rù lójú èèyàn rí: ẹni tó ń bẹ̀rù ẹ̀wọ̀n a máa wo ilẹ̀kùn, ẹni tó ń bẹ̀rù ìyà a máa wo ọwọ́ ọlọ́pàá. Ọkùnrin yìí ò wo ibì kan. Etí ló fi ń wo ẹ́ńjìnnì náà. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ méjèèjì kọ́ ẹsẹ̀ àga tó jókòó lé.

"Dìde, ká lọ."

"Ẹ jẹ́ kí n fẹsẹ̀ rìn, mà."

"Ìrìn ọjọ́ kan ààbọ̀ ni."

"Màá rìn ín."

"Pẹ̀lú ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́?"

"Màá rìn ín, mà. Ẹ má fi mí sínú ọkọ̀ yẹn. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ sọ fún ẹni tó wà nídìí ẹ̀ kó pa á."

Kílófàá tẹ̀ síwájú lórí tábìlì. Ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ sórí ọ̀rọ̀ náà, kó má bàa ṣì í gbọ́.

"Ṣé o fò wọ́n?"

Ọkùnrin náà di ojú. "Mo fò wọ́n," ó ní. "Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

Lẹ́yìn ìyẹn, kò ṣòro láti gbọ́ ìyókù, dídá a dúró ló ṣòro. Nígbà tí òun kọ́kọ́ so àpótí tuntun náà, òun fi adínnákù sílẹ̀ bí ìwé ṣe wí, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ò lágbára, ó ń gbọ̀n bí ẹni òtútù ń mú, kò lè gun òkè. Àwọn awakọ̀ ń bú òun. Èyí tó kú yẹn ló wá bẹ òun, ó ní aláìsàn ń kú mọ́ òun lọ́wọ́ lójú ọ̀nà nítorí àìlágbára ọkọ̀. Ọjọ́ tí òun fò ó, ẹ́ńjìnnì dákẹ́ bí ọmọ tó mumú yó, awakọ̀ náà sì dì mọ́ òun. Òun ṣe èkejì. Òun ṣe ìkẹta lọ́jọ́ ìsinmi, nílé awakọ̀ rẹ̀, òun wá kọ orúkọ ọlọ́jà sínú ìwé nítorí pé ó ti bọ́ sí òun létí pé ìwé páálí lè di ẹjọ́ lọ́jọ́ kan. Ìrọ̀lẹ́ tí àkọ́kọ́ jóná ni òun ti mọ̀.

"O mọ̀, o sì dákẹ́."

"Bí mo bá sọ ọ́, èmi ni mo pa á, mà. Bí mi ò bá sọ ọ́..." Kò parí rẹ̀. Ó ní gbogbo ọjọ́ tí òun lò ní àhámọ́, títì lòun ń tẹ́tí sí. Bí ìkẹta bá jáde, òun kì í lè jẹun títí á fi wọlé. Òun gbọ́ nígbà tó jáde lágogo mẹ́fà àárọ̀ òní. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì dún lábẹ́ fèrèsé, òun rò pé ó ti padà dé láyọ̀ ni.

"Kò tíì padà," Kílófàá ní. "Ọkọ̀ wa lo gbọ́ yẹn."

Ó gbójú sókè. "Ta ló wà nínú ẹ̀?"

"Aboyún kan. Awakọ̀. Àti àbúrò mi."

Rewáyà gbé orí lé tábìlì. Kílófàá ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn, ohùn oníṣẹ́ ọwọ́ ni lọ́tẹ̀ yìí, kò gbọ̀n mọ́: kọ́kọ́rọ́ nìkan ò tó, mà, ẹ tú orí bátìrì, kí ẹ sì gbé sìlíńdà atẹ́gùn aláìsàn, tó ń fún iná lágbára, kúrò nínú ẹ̀ kó tó di pé ẹ ṣe nǹkan mìíràn.

Ọ̀gá àgọ́ ò jiyàn. Ó wo ojú Kílófàá, ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó ní kí wọ́n máa sáré.

Kílófàá àti awakọ̀ àgọ́ kọjá afárá, fóònù sì kú lọ́wọ́ rẹ̀ bí àbúrò rẹ̀ ṣe wí. Lẹ́yìn afárá, òkè ni, kọ́nà lórí kọ́nà. Awakọ̀ àgọ́ ń sọ ìtàn láti fi tù ú nínú. Ní kọ́nà kẹrin ni Kílófàá rí èéfín. Ó dúró ṣánṣán lókè igi lápá ọ̀tún, ó dúdú, ó nípọn. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí ẹnu rẹ̀. Ó kà láti ọ̀kan dé ogójì, ó sì ń wòye bí òun ṣe máa sọ ọ́ fún ìyá àwọn, irú ọ̀rọ̀ tí òun máa fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n yọ sí i, àgbẹ̀ kan ló ń sun pàǹtí oko rẹ̀, ó na ọwọ́ kí wọn. Wọ́n kọjá lára rẹ̀ lórí eré.

Kọ́nà méjì sí i, wọ́n rí i. Ó ń bọ̀ láti òkè, iná orí rẹ̀ ń tàn, okùn èéfín tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì ń tẹ̀lé e lẹ́yìn bí ìrù. Kílófàá bọ́ sílẹ̀ kí ọkọ̀ wọn tó dúró tán, ó lọ dúró sí agbede méjì títì, ó na ọwọ́ méjèèjì. Ọkọ̀ náà fọn fèrè rẹ̀, ó ń fọn ọ́n, kò fẹ́ dúró. Ó dúró nígbà tó kù díẹ̀ kó kàn án. Òórùn bẹntiróòlù dé ibẹ̀ ṣáájú àbúrò rẹ̀.

"Pa kọ́kọ́rọ́," Kílófàá sọ fún awakọ̀.

Àbúrò rẹ̀ ti bọ́ sílẹ̀ láti ẹ̀yìn, ọwọ́ rẹ̀ kún fún ẹ̀jẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ọwọ́ ọmọ ti yọ. Ẹ kúrò lọ́nà."

"Gbé e sọ̀ kalẹ̀."

"Sínú ọkọ̀ ọlọ́pàá? Lórí irin?"

"Gbé e pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Gbé e sọ̀, ọmọ ìyá mi."

Àbúrò rẹ̀ wo ojú rẹ̀. Láti kékeré ni wọ́n ti jọ ń sùn lórí ẹní kan, kò rí ojú yẹn rí. Kò béèrè mọ́. Kílófàá fúnra rẹ̀ gbé sìlíńdà atẹ́gùn mọ́ra bí ọmọ, ó gbé e rìn jìnnà, lẹ́yìn náà ni wọ́n jọ gbé obìnrin náà, àwọn mẹ́rin, wọ́n sì tẹ́ ẹ sẹ́yìn ọkọ̀ àgọ́. Obìnrin náà fa ọwọ́ aṣọ Kílófàá. Ojú rẹ̀ ti funfun. Ó béèrè ohun tó ṣe ọkọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé òun sí.

"Ó mu yó, ìyá. Ó mu ju bó ṣe yẹ lọ."

"Á jẹ́ pé òun àti ọkọ mi ni," obìnrin náà ní, ó sì fi eyín há ètè bí ìrora tún ṣe dé.

Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni gbogbo rẹ̀ gbà. Kílófàá ń wo agogo ọwọ́ rẹ̀ bí ọkọ̀ àgọ́ ti ń yí kọ́nà lọ, àbúrò rẹ̀ kúnlẹ̀ sínú ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, ó na ìgò omi abẹ́rẹ́ sókè lọ́wọ́ kan. Kò tíì mọ̀ nígbà náà pé dókítà máa gbé ọmọ náà jáde láàyè, tàbí pé ìyá rẹ̀ máa lo ọjọ́ mọ́kànlá lórí bẹ́ẹ̀dì kó tó lè jókòó. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni ohun tó mọ̀, òun ló sì gbà á lọ́wọ́ obìnrin náà.

Ó ku àwọn méjì lójú ọ̀nà, òun àti awakọ̀ ìkẹta. Ọkùnrin náà ń kùn. Ó ní ọkọ̀ òun ò ṣe nǹkan kan, ó kàn ń ṣe èéfín díẹ̀ láti abúlé wá ni, àwọn obìnrin ló máa ń sá fún èéfín. Kílófàá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tú orí bátìrì. Ó fi ọwọ́ kan àpótí pẹlẹbẹ náà, ó sì yára fà á padà, ó gbóná bí ìkòkò orí iná. Ó fa géèjì ọ́ìlì yọ, ó fi han ọkùnrin náà. Ọ́ìlì ti gun òkè kọjá àmì rẹ̀ tó ìka méjì, ó ṣàn bí omi, kò dúró lára irin. Awakọ̀ gbé imú sí i. Kò kùn mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rìn.

Wọ́n rìn jìnnà títí dé ìdí àpáta kan, wọ́n dúró, wọ́n ń wò ó. Lábẹ́ ọkọ̀ náà, níbi tí àwọn páìpù sàlẹ́ńsà ti pàdé ara wọn, nǹkan kan ń kán sílẹ̀, ẹ̀kán kan, ẹ̀kán kan, ooru sì ń gbé e sókè bí ìkùukùu tí ojú ò rí. Irin tó ń tutù ń dún tó, tó. Gbogbo ìgbà tó bá dún, àwọn méjèèjì a tún sún sẹ́yìn díẹ̀.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, awakọ̀ náà fọwọ́ pa orí.

"Fìlà mi wà nínú ẹ̀."

"Jẹ́ kó wà níbẹ̀."

"Ọwọ́ iwájú ló wà, mà. Kò ní gbà mí ju ìṣẹ́jú kan lọ. Wọn ò mà ń ṣe irú ẹ̀ mọ́."

Ó gbé ẹsẹ̀. Kílófàá di ọwọ́ aṣọ rẹ̀ mú. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó fẹ́ fi eré fà á yọ, ó sì wẹ̀yìn wo ojú rẹ̀, ẹ̀rín náà kú. Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀ nínú oòrùn, òun di ọwọ́ aṣọ ọkùnrin náà mú bí ìyá ṣe ń di ọmọ mú létí odò, kò sì tú u sílẹ̀ títí wọ́n fi gbọ́ ọkọ̀ tó ń bọ̀ wá gbé wọn.